Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Ẹ̀gbọ́n Yàtọ̀ sí Àbúrò

Mutmainnah, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí omi òjò Kútọ̀nu wọ yàrá bá ọ, kí alùpùpù tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ má ṣubú, kí inú ọ̀gá rẹ máa dùn sí ọ. Àmín. Èmi náà wà. Léontine, tíṣà ilé ìwé Odomèta, ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti ní kó kọ ohun tí mo bá sọ gẹ́lẹ́, kó má fi oyin sí i. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ gùn báyìí, wàá ní rẹ́sò ti lọ, ìpè ti já. Lẹ́tà kì í já.

Àgbàdo oko Okpomèta ti ga dé èjìká mi. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, akọ ni méjèèjì, oníjàgídíjàgan sì ni wọ́n. Mò ń jẹun, mò ń sùn. Má tún bi mí bóyá mò ń sunkún, mo ti sun èyí tí mo fẹ́ sun.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni aṣọ tó o tẹ àwòrán àti orúkọ sí, èyí tí a fẹ́ fi kọ́ síwájú ilé lọ́jọ́ àdúà ọdún kan ikú ìyá rẹ. Àwòrán yẹn dára. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ bá mi jà, bó ṣe máa ń wò mí náà nìyẹn. Orúkọ àwa mọ̀lẹ́bí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Prudence aránṣọ ló kà á fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi Latifou, àgbà ilé wa, bi í pé ta ni orúkọ rẹ̀ ga jù níbẹ̀. Prudence ní kò sẹ́ni tó ga ju ẹnì kan lọ. Latifou ní ṣé òun àti Judicaël, ọkọ àbúrò rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé wa lánàá, ló dọ́gba. Prudence aláìgbọ́n fa okùn ìwọnṣọ yọ, ó wọ̀n wọ́n, ó ní wọ́n dọ́gba gẹ́lẹ́. Latifou wọ bàtà rẹ̀, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí Judicaël wá ṣí àdúà náà. Bẹ́ẹ̀ Judicaël, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ! Títí di òní, Latifou kò bá mi sọ̀rọ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, bí àgbà kò bá ṣí àdúà, kò sẹ́ni tó máa la ẹnu.

Mo rántí ohun tó o sọ nígbà tó o wá kẹ́yìn, pé o kì í fi ọwọ́ ara rẹ tún lẹ́tà inú orúkọ ṣe mọ́, pé ẹ̀rọ kan wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ tó ń bá ọ wọṣọ fún wọn. O ní o kàn máa fi ọ̀kan hàn án, bó ṣe máa ga, bó ṣe máa sanra, àwọ̀ tó máa ní, àwọn yòókù á sì múra bíi tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yin ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ yẹn. N kò mọ̀ pé kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ta ló tọ́ ẹ̀rọ náà dàgbà? Ó wọ ilé onílé, ó fún àgbà àti ọmọdé ní aṣọ kan náà, ṣé kò rí irun funfun ni?

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Gbé e wá sílé kí ọjọ́ àdúà tó pé. Má fi rán awakọ̀ o, ìwọ fúnra rẹ ni kó o gbé e wá. A ó mú un lọ bẹ Latifou. Mo bi Léontine bóyá ó lè dọ̀bálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní irú kọ̀ǹpútà tó ò ń lò máa ń ṣí bí ìwé, ó sì ṣeé pa dé pẹrẹsẹ. Ó tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá dé iwájú Latifou, ìwọ pa á dé kó sùn gbalaja, èmi á ní ọmọdé ni, kò mọ̀. Lẹ́yìn náà kó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, kí a ka mọ̀lẹ́bí fún un láti orí Latifou wálẹ̀, kó tó tún wọṣọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kan ṣì kù tí n kò sọ lójú Latifou. Prudence ní orúkọ ìyá rẹ gan-an kò ga ju tiwa lọ. Ìyẹn ló dùn mí jù. Àwa tí à ń rìn kiri, ẹni tó bá wá wa á rí wa. Sàfúrátù ìyá rẹ, inú aṣọ yẹn nìkan ló kù tí èèyàn ti lè rí i. Jẹ́ kí tirẹ̀ tóbi débi pé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Adakplamè á kà á láìsọ̀kalẹ̀. Bí àyè kò bá gba orúkọ tèmi mọ́, yọ ọ́.

Jọ̀wọ́, fi owó ìrẹsì àti òróró ránṣẹ́, àti ti àga tí a ó yá. Ọlọ́run á máa ṣí ọ̀nà fún ọ níbi tí ẹlòmíràn ti rí ògiri, o kò ní sin ọmọ, ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n lórí iṣẹ́ rẹ.

Bí Latifou bá sì rí gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ yẹn tó ṣì kọ̀, kó jókòó sílé rẹ̀. Èmi ni n ó ṣí àdúà náà. N kò kàwé, n kò gbọ́ Lárúbáwá tó o, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ ìyá rẹ pè.

Èmi ni,
Mùsílíù, bàbá rẹ.