Ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀ Òkun

Ìyá mi,

Ara mi le koko. Ètò ìrìn-àjò wa ti parí: ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ̀ máa lọ sójú òkun láti bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Ọ̀gá wa sọ pé ọ̀rẹ́ mi, tó ń darí ẹ̀rọ tó ń fa ẹrẹ̀ sókè, kò ní sinmi rárá láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní, "Ọ̀gá, èèyàn kì í ṣe irin o." Ó ní, "Ọmọ oko, ẹnu ẹ máa kó bá ẹ."

Ọ̀rẹ́ mi ti rí ìsinmi gbà láàárín ìrìn-àjò kan sí èkejì. Èmi ni wọ́n ní kí n dúró sórí ilẹ̀, kí n máa ṣọ́ yàrá tí a ń kó ẹrẹ̀ náà sí. Kò burú, èébì ò ní gbé mi. Ẹ̀wù òtútù tí ẹ hun, ọ̀rẹ́ mi ni yóò wọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń rí òkun dáadáa láti ojú fèrèsé.

Ọmọ yín