Awò Tí Mo Rà Sórí Ìbọn Àgbọ̀nrín

                                        Cedar Fork,
                                        Wisconsin.
                                        28 Oṣù Kọkànlá, 2011.

Ẹ̀gbọ́n mi Vernon,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú oòrùn Arizona. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn? Dolores ìyàwó yín ńkọ́? Ara mi le. Òjò dídì ti bo gbogbo ojúde, ṣùgbọ́n igi ìdáná pọ̀ nílẹ̀.

Ẹ béèrè nípa awò ìbọn, gíláàsì tí mo fi ń wo ẹran lókèèrè kí n tó yìnbọn. Ẹ rántí pé lọ́dún tó kọjá, kùrukùru bo ojú awò àtijọ́ náà bí mo ṣe fẹ́ yìnbọn, mo sì ṣe àgbọ̀nrín kan léṣe lásán. Mo tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò rí i. Ó dùn mí wọnú egungun. Mo ní n kò ní ṣọdẹ mọ́ àfi tí mo bá rí awò tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Mo lọ bá Gus, bàbá tó ń ta ohun èlò ọdẹ. Ọ̀kan gbọ̀ngbọ̀nràn ló wù mí, tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́rìnlélógún. Gus bú sẹ́rìn-ín.

"Lorna, ṣé àgbọ̀nrín lo fẹ́ pa ni, àbí òṣùpá?"

"Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ojú ń darúgbó."

"Nínú igbó yín yẹn, ta ló ń yìnbọn kọjá ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́."

Ó gbé kékeré kan jáde, ìlọ́po méjì sí méje, kò tó igba dọ́là. Ó ní gíláàsì tó mọ́ àti ara tí omi kò lè wọ̀ ló yẹ kéèyàn fowó rà. Ó sọ ọ́ sínú fìríìsà, a mu kọfí, ó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Nígbà tó nu ojú rẹ̀, inú rẹ̀ mọ́ kedere, kùrukùru kankan kò wọ̀ ọ́. Mo rà á. Nígbà tí mo dán an wò, ọta mẹ́ta bọ́ sójú kan tí ẹnu ife lè bò.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ àsìkò ọdẹ, mo wà lórí àga ọdẹ tí mo so mọ́ igi nígbà tí akọ àgbọ̀nrín ńlá kan yọ létí odò. Mo fi awò sí ìlọ́po méjì, mo fojú sun èjìká rẹ̀, ìka mi ti wà lórí ìbọn. Ni mo bá rí àwọ̀ ọsàn bíńtín lẹ́yìn ẹran náà, irú aṣọ tí àwa ọdẹ ń wọ̀ kí a má baà yìnbọn fún ara wa. Mo gbójú kúrò lójú awò, mo wò ó dáadáa: Orrin aládùúgbò mi ni, ó jókòó sídìí igi, ó ń bu kọfí. Ká ní awò gígùn yẹn ni, ẹran nìkan ni ì bá kún ojú rẹ̀.

Mo yọ ọta kúrò. Ẹran mu omi, ó lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Orrin.

"Orrin, kí lò ń ṣe níbí?"

"Àárọ̀ o, Lorna! Omi ti gba ibi tí mo máa ń jókòó sí ni. O rí nǹkan kan?"

"Ìwọ ni mo rí. Ẹ̀yìn àgbọ̀nrín tí mo fẹ́ yìnbọn fún lo wà."

 Ó bu kọfí fún mi. Ìdajì rẹ̀ dà sórí òjò dídì. A jókòó títí oòrùn fi yọ.

N kò pa nǹkan kan lọ́dún yìí. Ọjọ́bọ̀ ni Orrin pa tirẹ̀. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá itan ẹran náà méjèèjì lórí àtẹ̀gùn, Orrin ti fi aṣọ funfun wé wọn. Kò kan ilẹ̀kùn.

Ẹ bá mi kí Dolores, kẹ́ ẹ sì máa tọ́jú orúnkún yẹn.

Èmi ni àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín,
Lorna.