Wọ́n Ní Abẹ Kò Kàn Mí

Màámi, ẹni tí ẹnu mi ṣì máa ń pè kí n tó rántí,

Mo ti bímọ. Ọkùnrin ni. Mo kọ́kọ́ sọ èyí torí mo mọ̀ yín, ẹ kò fẹ́ràn kí èèyàn máa yí ọ̀rọ̀ po kó tó sọ ọ́. Etí rẹ̀ jọ tiyín, ó sì ń ké bí ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sórí ilẹ̀ rẹ̀ láìsọ fún un. Nígbà tí wọ́n ní ọkùnrin ni, inú mi dùn lọ́nà kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò ní sí ẹni tó máa wò mí lójú báyìí kó ní ẹ̀yin lẹ padà wá, kí n nu ojú mi nù. Ẹ kò padà wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Mo máa ń rántí bí ẹ ṣe ń ṣe tí aboyún bá wá dirun ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Addo. Ẹ ó fi ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Ẹ kò ní fa irun rẹ̀ le. Tí ẹ bá dì í tán, ẹ ó gbé ọwọ́ lé e lórí, òwú ṣì wà láàárín eyín yín, ẹ ó ní, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Ó parí. Ẹ ó pe ẹni tó kàn. Mo rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń gbàdúrà fún aboyún nìyẹn. Mi ò tíì mọ ìyá ọkọ mi nígbà náà.

Ẹ̀yin náà kò mọ̀ ọ́n, ẹ ti lọ kí Dèjì tó mú mi lọ sílé wọn. Ẹ dárí jì mí tí mo bá ń pè é ní "ó" nínú lẹ́tà yìí. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni, Mọ́mì ni mò ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀yin nìkan la wà níbí. Òun ni olórí àwọn ìyá aláàdúrà ní ìjọ wọn ní Ajah. Oyún mi kò tíì pé oṣù rẹ̀ tó fi kó àpò rẹ̀ wá sílé wa, òun àti ìgò òróró kan tí kì í gbé sílẹ̀. Láràárọ̀ ló ń fi òróró yẹn pa ikùn mi, tó ń wí pé, "Obìnrin Hébérù ni ẹ́. Wẹ́rẹ́ lo máa bí. Abẹ ò ní kàn ẹ́."

Àmín ni mò ń ṣe. Ta ló fẹ́ kí abẹ kan òun? Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà sọ ní ìjọ wọn. Lọ́dọ̀ tiwọn, obìnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò bímọ. "Wọ́n yọ ọ́ fún un ni," bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ eyín tó rà. Àwọn tó bá ṣẹlẹ̀ sí máa ń jókòó sílé títí ìrìn wọn yóò fi gún, wọn á ní àwọn rìnrìn àjò. Gbogbo wọn ló mọ̀. Gbogbo wọn ló ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Àwọn èèyàn tó kàwé ni o, Màámi, tí wọ́n ń gbé inú ẹ́sìtéètì, tí wọn kì í mu omi tí kò bá sí nínú ike.

Àárọ̀ ni ìrọbí mú mi, níbi tí mo ti ń po ògì. Dèjì, tí àwọn ọkùnrin ń gbọ̀n fún ní èbúté ọkọ̀ òkun níbi tó ti ń ṣe ọ̀gá, ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò káàkiri ilé. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n yàn fún mi wà ní Lẹ́kí. Ẹ bá ti rẹ́rìn-ín. Òdòdó oníke lẹ́nu ọ̀nà, òórùn dídùn bíi ti òtẹ́ẹ̀lì. Omi ń ṣàn ní itan mi, ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Mà. Tíì àbí kọfí?"

Nínú yàrá ìrọbí, nọ́ọ̀sì kan wà tó rò pé ẹnu òun ni oògùn ìrora. "Àǹtí, ẹ yé pariwo. Ariwo kì í bímọ."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ń bí i."

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, láti ìgbà yẹn la ti di ọ̀rẹ́. Òun ló ń nu ojú mi. Ìrora kan wá tó dà bí ẹni pé wọ́n ń fún ẹ̀yìn mi bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo kígbe, "Màámi o!" Ẹ̀yin ni mò ń pè. Mọ́mì sì dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, "Mo wà níbí o, ọmọ mi!" Mi ò kórìíra ìdáhùn kan tó báyẹn rí láyé mi. Ṣé ẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ náà? Ṣé ẹ ń gbọ́ nǹkan níbẹ̀ rárá?

Wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ mi nínú, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí a gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Ó ń dún bí ọmọdé tó ń fi sílípáàsì sáré. Ohùn yẹn ni mo dì mú. Ìrora lè máa ṣe tirẹ̀, tí mo bá ti ń gbọ́ sílípáàsì yẹn. Àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe jáde, tí Mọ́mì wọlé, tó ṣí ìgò rẹ̀, tó da òróró sí mi níkùn wàràwàrà, tó fi ọwọ́ méjèèjì pa á. Bẹ́líìtì yọ̀, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ohùn náà dákẹ́.

"Ọ̀tá ti dé!" Mọ́mì fi igbe bọnu. Dèjì kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó di ojú. Kò sí ẹni tó wo bẹ́líìtì nínú àwọn méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Ó fi ọwọ́ kan ikùn mi, ó gbé e sókè, ó ń kán tótó. "Ta ló ń dín obìnrin yìí?"

Ó fi táwẹ̀lì nù mí, ó tún bẹ́líìtì dè. Ohùn náà padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọmọdé náà kò sáré mọ́. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò bá mi ṣeré mọ́, ó lọ pe dókítà. Obìnrin ni, kékeré, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó tẹ́tí, ó yẹ̀ mí wò, ó tún tẹ́tí. Ó ní ojú ara kò ṣí mọ́, ọmọ sì ti rẹ̀. Kí a lọ fún iṣẹ́ abẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Màámi, ọkọ mi kò wo ojú mi. Ojú ìyá rẹ̀ ló wò.

"Ẹ jẹ́ kí n fi tó Pásítọ̀ létí," ló wí, ó mú fóònù, ó jáde.

Mọ́mì bọ́ síwájú dókítà. "Ẹ fara balẹ̀, Dókítà. Kò sí irú ẹ̀ nílé wa. Obìnrin Hébérù ni."

Dókítà ní, "Mọ́mì, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n kọ síwájú mi."

Wọ́n gbé ìwé ìyọ̀ǹda wá. Nọ́ọ̀sì ní ọkọ ló máa ń fọwọ́ sí i, pé bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mò ń wo ọkọ náà láti inú gíláàsì ẹnu ọ̀nà. Ó ń pe nọ́ńbà Pásítọ̀. Wọn ò gbé e. Ó tún pè. Ọmọ rẹ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ nínú mi, ó ń dúró kí wọ́n gbé fóònù. Mo ti rí ọkùnrin yìí tó ń sọ fún ọkọ̀ òkun ibi tó máa dúró sí.

Mo bi dókítà, "Ikùn ta nìyí?"

"Ikùn yín ni."

"Ẹ gbé bírò wá."

Òróró wà lọ́wọ́ mi, bírò ń yọ̀. Mọ́mì di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Má ṣe dójú tì wá." Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Kò ní kí ọmọ má kú. Kò ní kí èmi má kú. Mo fi ọwọ́ kejì mú bírò, mo kọ orúkọ mi gbágungbàgun bí ọmọ jẹ́léósinmi. Orúkọ tí ẹ sọ mí ni mo kọ, kì í ṣe tiwọn.

Nínú yàrá abẹ, òtútù ni. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ìdajì ara mi kú. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń wá nǹkan nínú àpò mi, tí àpò náà kì í sì í ṣe tèmi mọ́. Mi ò gbàdúrà Hébérù. Mo ń wí nínú mi pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ṣé ẹ rí i pé àdúrà yẹn kò dárúkọ ọ̀nà? Kò ní kó gba ibí tàbí kó gba ọ̀hún. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ igbe ọmọ. Ìwọ́ ló ti wé mọ́ ọn lọ́rùn, dókítà ní bí a bá ti dúró díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá di nǹkan mìíràn.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, rọ́bà lápá, rọ́bà nísàlẹ̀, nígbà tí Mọ́mì gbé ọmọ mi mọ́ àyà, tó ń pariwo sínú fóònù, "Ó ti sọ̀ o! Wẹ́rẹ́ báyìí! Obìnrin Hébérù gidi!" Mo yí ojú sí Dèjì. Ó ní, "Jẹ́ kí inú wọn dùn. Kí ló kàn wá níbẹ̀?"

Nígbà tí mo lè dúró, wọ́n mú wa lọ dúpẹ́ ní ìjọ. Mọ́mì ló yan aṣọ fún mi, bùbá gbàgẹ̀rẹ̀ kan tó lè bo ilé. Nínú mọ́tò, ó ní, "Bí wọ́n bá ní kí o sọ̀rọ̀, 'Ọlọ́run ṣe é' ti tó." Ó tún ní, "Má sì máa di ikùn mú."

Òun ló kọ́kọ́ gba máíkì. Màámi, ó dùn ún sọ! "Dókítà ti pọ́n ọ̀bẹ! Wọ́n ní ọmọ ò lè wá! Mo ní irọ́ ni! Mo da òróró sí i, ọmọ bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́! Abẹ ò kàn án!" Gbogbo ilé dìde. Àwọn onílù ń lù. Láàárín àwọn akọrin, mo rí ọmọbìnrin kan, ikùn rẹ̀ ti wọ̀ sílẹ̀, oyún àkọ́kọ́ bíi tèmi. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi náà," ló ń wí. "Bẹ́ẹ̀ ni tèmi náà."

Tí kì í bá ṣe tirẹ̀, bóyá ǹ bá dákẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín. Irọ́ tí wọ́n ń pa fún ara wọn kò kàn mí. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yìí yóò lọ jókòó nínú ìrọbí, yóò máa dúró de wẹ́rẹ́ títí ọmọ rẹ̀ yóò fi dákẹ́.

Wọ́n fún mi ní máíkì. Mo ní, "Ẹ yin Olúwa." Wọ́n ní, "Halelúyà!" Mo ní, "Abẹ kàn mí. Ọmọ mi ń kú lọ nínú mi, èmi ni mo fọwọ́ sí i kí wọ́n là mí. Ìdí tí ẹ fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀ yẹn nìyẹn."

Ìlù dákẹ́. Mọ́mì rẹ́rìn-ín tín-ín-rín, ó ń wí fún àwọn ará iwájú pé, "Ara rẹ̀ ò tíì yá." Pásítọ̀ gba máíkì lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Mọ́mì ti di ẹrù rẹ̀. Dèjì gbé e lọ, ó padà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń kọjá lára mi nínú ilé bí aládùúgbò. Mi ò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ló ń wẹ ọmọ báyìí, mi ò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń di ọmọ mú tí ọṣẹ bá wà lára rẹ̀? Ìgbà wo ni wọ́n ń na apá rẹ̀, kí a tó jó o tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Mo máa ń bi yín léèrè sókè, mo sì máa ń dúró díẹ̀, kí n tó da omi.

Lánàá, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ́sìtéètì pè mí pé àlejò kan ń bọ̀. Ọmọbìnrin akọrin yẹn ni. Ó ti ẹsẹ̀ rìn láti títì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní ẹnikẹ́ni kò rán òun. Ó mu omi, ó wo ọmọ, ó ń fi etí gèlè rẹ̀ ṣeré.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ṣé abẹ máa ń jẹ́ kí èèyàn rìn?"

"Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún ẹ."

"Wọ́n ní inú á là sílẹ̀ ni, pé kì í padé mọ́."

Mo dìde, mo tú ìró mi, mo fi ojú abẹ náà hàn án. Ó tẹrí ba, ó wò ó pẹ́. Ó na ìka kan, ó fi kàn án díẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbójú sókè, ìbínú wà lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ohun tó kéré báyìí ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá?"

Èmi ni, ọmọ yín tó di ìyá láìsí yín nítòsí, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀síbẹ̀.