Nítorí Dókítà Mavrolithi

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Àkùkọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Ní gbangba. Níwájú àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé rẹ̀, níwájú àwọn onímọ̀ omi, níwájú àwọn tó wá láti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Leandros Vrettos, ọ̀gá ibùdó ìwádìí wa, ni Àkùkọ. Nínú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ ẹ. Ó máa ń na ọrùn kó tó sọ̀rọ̀.

Èmi, olùṣètò ibùdó, ni mo kó gbogbo wọn jọ. Kí n tó dé, onímọ̀ ọrọ̀-ajé kì í kí onímọ̀ àwùjọ ní ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá. Mo ní: ẹ jókòó sídìí tábìlì kan, ẹ pa ọgbọ́n pọ̀, ẹ sọ bí àwọn abúlé orí òkè kò ṣe ní kú tán. Ta ló yẹ kó ní dókítà, ta ló yẹ kí bọ́ọ̀sì máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí a bá kọ ni ìjọba yóò tẹ̀ lé. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, kì í ṣe ìwé tí eku yóò jẹ.

Lónìí ó ka orúkọ àwọn abúlé tó ń tán lọ, àwọn tí dókítà wọn yóò dúró. Mavrolithi kò sí níbẹ̀. Ó ní Mavrolithi ń gbèrú, nítorí náà kò nílò ìrànwọ́, kí wọ́n gbé dókítà rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Mavrolithi. Abúlé mi. Ibi tí Màámi ń dá gbé pẹ̀lú àìsàn ọkàn tó ń mú kó máa mí gúlegúle, tí yìnyín máa ń dí ọ̀nà rẹ̀ pa.

Mo béèrè pé báwo. Ó ní òǹkà ìkànìyàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni kò mọ òǹkà yẹn? Tí ọjọ́ ìkànìyàn bá ti pé, gbogbo ọmọ Mavrolithi tó wà ní Átẹ́ńsì, olú-ìlú, á háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n á wọ́ tìrítìrí padà sílé kí wọ́n lè kà wọ́n síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú wọn. Ẹni tó ti lo ogójì ọdún nígboro, tí kò tilẹ̀ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá rẹ̀ wà, tí o bá ní kí wọ́n kà á sí Átẹ́ńsì, bíi pé o sọ fún un pé bàbá rẹ̀ kọ́ ló bí i. Wọ́n á sùn jọ bí ẹja inú agolo, wọ́n á jẹ ọ̀dọ́ àgùntàn, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n kà wọ́n, wọ́n á lọ. Lórí ìwé, abúlé ti di ìlú.

Myrsini, onímọ̀ àwùjọ wa, gbé ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù tó kọjá. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ilé tó ṣí àti ilé tó tì. Ọkùnrin onímọ̀ omi kan fi hàn pé wọn kì í lo omi púpọ̀ ní abúlé yẹn àfi nínú oṣù Ògún, nígbà ìsinmi, àti lọ́sẹ̀ ìkànìyàn. Àkùkọ gé iṣẹ́ àwọn méjèèjì kúrò nínú àbọ̀ ìwádìí. "Ìtàn lèyí, Myrsini. Òǹkà ni mò ń wá."

Mo sọ̀rọ̀. Ó na ọrùn. Ó ní: "Polyxeni, jẹ́ kí àwọn tó mọ ìwé jiyàn. Ìwọ lọ bójú tó kọfí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bójú tó kọfí. Bí mo ṣe ń gbé ife kálẹ̀ ni mò ń wo ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Màá san án fún un. Mi ò tíì mọ ọ̀nà tí màá gbà.

Ọjọ́rú, 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo pe Màámi. Dókítà wá lánàá, Ermolaos, ọ̀dọ́mọkùnrin tín-ín-rín kan. Yàrá kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti tì pa ló ti ń tọ́jú wọn. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Màámi, ó pààrọ̀ oògùn rẹ̀. Màámi ní torí píta òun, búrẹ́dì tí a fi ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀, ló ṣe ń wá, kì í ṣe torí ọkàn òun, pé ọmọ náà rù, kò sẹ́ni tó ń se oúnjẹ fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè sọ fún un pé wọ́n fẹ́ mú dókítà náà lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo ti rí i.

Ìpàdé àṣekágbá wa yóò wáyé ní ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlé. Ìyáàfin Tsirigoti láti ilé-iṣẹ́ ìjọba ń bọ̀ wá gbọ́ àbọ̀ ìwádìí náà, òun ló sì máa fọwọ́ sí i. Ta ló ń yan ibi ìpàdé? Èmi olùṣètò. Ẹni tó ń bójú tó kọfí.

Mavrolithi ni màá gbé e lọ. Inú ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́. Nígbà òtútù, tí èéfín tó ń jáde lórí òrùlé kò ju ti Màámi àti àwọn arúgbó díẹ̀ lọ. Kí Àkùkọ dúró láàárín ilé títì kó máa pariwo pé abúlé ń gbèrú. Kí obìnrin ìjọba máa wò ó lẹ́nu.

Mo wọlé lọ bá Àkùkọ. Mo ní, ọ̀gá, kí ìwádìí lọ bá àwọn tí a ṣèwádìí lé lórí, àwọn oníwèé ìròyìn á fẹ́ràn rẹ̀. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti ń sọ fún gbogbo ayé pé èrò òun ni. Kó máa jẹ́ tirẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá.

Myrsini rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní: "Xeni, ẹ̀rín wo lò ń rín yìí? Ẹ̀rù rẹ ń bà mí." Mo sọ fún un. Ó béèrè bóyá mo ti bá àwọn ará abúlé sọ ọ́. Mo ní kò sí àyè fún ìyẹn. Tí a bá ní ká bi gbogbo ènìyàn, ọdún tó ń bọ̀ la ó ṣe é.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Bọ́ọ̀sì — ti parí. Àga — ti lọ sókè. Igi ìdáná — ti dé. Àkùkọ buwọ́ lu gbogbo rẹ̀ láìkà á. Ó dára.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Màámi pè. Ó ti gbọ́ nípa àga. Ó bi mí pé ta ló ń bọ̀. Mo ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣé ìjọba náà ń bọ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin kan. Ó wá béèrè bóyá obìnrin náà ń jẹ ọ̀dọ́ àgùntàn. Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, kó sinmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù Èrèlé

Ọ̀la ni. Àkùkọ ra táì tuntun.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Èrèlé

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

A gun òkè láàárọ̀ àná. Níbi tí ọ̀nà ti yípo kẹ́yìn, mo ní kí awakọ̀ rọra, kí wọ́n lè rí abúlé dáadáa. Kí wọ́n rí fèrèsé títì.

Èéfín. Lórí gbogbo òrùlé. Mọ́tò tò lọ lẹ́bàá ọ̀nà títí dé ìsàlẹ̀. Bọ́ọ̀sì gbọ̀ngbọ̀nrọ̀n láti Átẹ́ńsì wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọdé ń ju yìnyín lura wọn. Ẹnì kan ń fun fèrè. Bàbá Thymios, ààrẹ ẹgbẹ́ ọmọ Mavrolithi ní Átẹ́ńsì, ya apá méjèèjì sílẹ̀ níwájú wa bí ẹni ń kí ìyàwó.

Àkùkọ sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tẹ̀ síbi etí mi: "Polyxeni, o ṣe é o. Mi ò mọ̀ pé o lè ṣètò tó báyìí."

Ó rò pé èmi ni mo ṣe é. Fún òun.

Mo fa Bàbá Thymios lọ sẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, mo ní ta ló pè yín. Ó ní ìyá mi ni. Gbogbo ilé ló pè lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àbí o fẹ́ kí ìjọba wá bá wa ní ilé títì? Ká máa wo sùnsùn bí ọmọ aláìníbaba lójú àlejò? Ó tì o."

Mo ní: "Bàbá, wọ́n máa tìtorí èyí mú dókítà lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ. Ìjọba tó bá rí wa báyìí, dókítà méjì ni wọ́n máa fún wa."

Mo lọ sí ilé ìdáná. Màámi wà nídìí ààrò, àwọn obìnrin yí i ká, ojú rẹ̀ ń dán, aṣọ ìdáná tuntun ló wọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin Bàámi, mi ò rí i kó rí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní: "Polyxeni, wò wá. Wò ó bí a ṣe pọ̀ tó." Mo jáde.

Àkùkọ ka iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó débi Mavrolithi, kò kà á mọ́. Ó lọ ṣí fèrèsé. "Ẹ wo ìta." Ariwo ọmọdé wọlé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyáàfin Tsirigoti ń kọ nǹkan. Myrsini ń wo bàtà rẹ̀.

Mo jókòó síbẹ̀. Mo wá ń ronú bí olùṣètò. Àwọn ará Átẹ́ńsì kò lè sùn. Ọ̀nà máa ń dì bó bá ti ṣú, ibùsùn ò sì sí. Wọ́n gbọ́dọ̀ lọ kí oòrùn tó wọ̀. Àwa ló yẹ ká kọ́kọ́ lọ, ṣáájú wọn. Tí a kò bá wá kọ́kọ́ lọ ńkọ́?

Mo tọ awakọ̀ wa lọ. Mo ní kó gbé bọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sílùú, kó má padà wá títí àwọn ará Átẹ́ńsì yóò fi lọ tán. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe mọ́tò. Mo ní mo mọ̀. Ó wò mí, ó lọ.

Mo sọ fún àwọn àlejò pé táyà ń yọ wá lẹ́nu díẹ̀, kí wọ́n máa mu tsipouro, ọtí líle wa, lọ, pé òtútù ò ní mú ẹni tó bá mu ún. Wọ́n dúró sí ìta gbangba, ife lọ́wọ́, wọ́n ń ṣàwàdà.

Ó wá bẹ̀rẹ̀.

Pákó fèrèsé kan tì. Òmíràn tì. Àwọn obìnrin ń da omi sí iná, wọ́n ń gbé ìkòkò sínú bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin kan ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ilé, ọmọ rẹ̀ ń sunkún pé ilé bàbá àgbà lòun fẹ́ sùn. Ó ní: "Níbo? Páìpù ti bẹ́ láti ọdún mẹ́ta. Wọlé, jàre." Ó sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyáàfin Tsirigoti gan-an. Obìnrin náà gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

Bọ́ọ̀sì fọn fèrè. Mọ́tò tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì. Èéfín ń kú lórí òrùlé, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí ó fi ku díẹ̀.

Àkùkọ yíjú sí mi. Kò na ọrùn. "Níbo ni wọ́n ń lọ?"

Mo gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mo ní: "Ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ilé wọn ni wọ́n ń lọ. Àwọn tó kù nìwọ̀nyí. Ẹ kà wọ́n."

Mo nawọ́ sí àwọn arúgbó tó dúró lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ojú yí síbẹ̀. Wọ́n dúró bí ẹni tí wọ́n já ìlẹ̀kùn mọ́ nínú balùwẹ̀. Èyí tó gbé àwo ẹran lọ́wọ́, tó ń bọ̀ wá bu oúnjẹ fún àlejò, Màámi ni.

Kí bọ́ọ̀sì tó dé, Ìyáàfin Tsirigoti ti jókòó ti Myrsini, ó ń béèrè apá tí wọ́n gé. Ó pe ọkùnrin onímọ̀ omi náà mọ́ra. Àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí ń wá àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àkùkọ dá dúró lábẹ́ igi, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀.

Ó dùn. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó dùn mọ́ mi dé eegun.

Màámi kò bá mi sọ̀rọ̀ kí n tó wọ bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́rú, 7 oṣù Èrèlé

Iṣẹ́ Myrsini ti padà sínú àbọ̀ ìwádìí. Ti onímọ̀ omi pẹ̀lú. Àkùkọ "gba ìsinmi." Kó sinmi dáadáa.

Bàbá Thymios pè láti Átẹ́ńsì. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo jẹ́ kó pariwo tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Èrèlé

Àbọ̀ ìwádìí ti jáde. Mavrolithi wà níbẹ̀. Dókítà dúró. Mo pe Màámi. Kò gbé e. Mo pè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Èrèlé

Ó gbé e. Mo sọ fún un pé dókítà ò lọ mọ́.

Ó ní: "O ní kí wọ́n kà wá. Ṣé àgùntàn ni wá?"

Mo ní: "Màámi, mo fẹ́ kí ẹ máa wà láàyè ni."

"Rárá o. O fẹ́ dójú ti ọkùnrin yẹn. Àwa lo fi dójú tì í." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Mo gbé oúnjẹ bọ̀ wá fún wọn, Polyxeni. Mo gbé e lọ́wọ́."

Ó pa fóònù.

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù Èrèlé

Dókítà Ermolaos pè mí. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́. Ó dúpẹ́ títí ó fi sú mi. Ó wá ní ìyá mi kò wá mọ́ láti ọjọ́ ìpàdé. Oògùn rẹ̀ ti tán. Ó rìn lọ bá a nílé. Màámi ṣí ìlẹ̀kùn díẹ̀, ó bi í bóyá ó ti jẹun, ó na píta sí i láti inú ilé. Nígbà tí dókítà ní òun fẹ́ wọn ìfúnpá rẹ̀, Màámi ní ara òun le. Ó ní: "Ọmọ mi ló gbà ọ́ síṣẹ́. Lọ tọ́jú òun." Ó sì ti ìlẹ̀kùn.

Dókítà ní ẹsẹ̀ Màámi ti wú. Ó ní òun rí i. Ó ní kí n tètè gòkè wá bẹ̀ ẹ́, pé òun mọ̀ pé èmi ni mo mọ bí a ṣe ń yanjú nǹkan.

Màámi ni obìnrin tó yodì sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nítorí igi kan tó wà láàlà, títí wọ́n fi sin àbúrò náà. Kò sunkún. Ó ní igi náà ṣì wà níbẹ̀.

Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Mo ti dé ìdí ìlẹ̀kùn. Mo padà jókòó. Màá lọ, mo mọ̀ pé màá lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí mo bá kanlẹ̀kùn, torí mo mọ ohun tí èmi náà ì bá ṣe. Bó bá jẹ́ èmi ló wà nínú ilé, mi ò ní ṣí i.