Fèrèsé Tí Mo Là Sí Àgbẹ̀dẹ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Èmi ni o, ọmọ yín tó rẹwà jù yín lọ. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín pé mo ń kọ lẹ́tà. Lóòótọ́, kíláàsì kejì girama ni mo ti sá fún ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣì dáa ju ti gbogbo àwọn tó kà á jáde lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀.

Ara mi le. Ara Màámi náà le díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣì máa ń gbé omi ìwẹ̀ yín kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó rántí. Sùtánà funfun tí ẹ fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí ipa èédú níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n má fọ̀ ọ́.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí n ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ẹ mọ̀ pé èmi kì í jẹ̀bi.

Láti kékeré ni mo ti ń bá yín jà nítorí òkùnkùn inú àgbẹ̀dẹ yẹn. Bí mo bá ti inú oòrùn wọlé báyìí, màá fẹsẹ̀ kọ owú irin, màá forí sọ òpó. Fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ẹ fi àpò sìmẹ́ǹtì dí i pa. Mo máa ń pariwo pé, “Bàbá, ṣé ẹ ń fi irin pamọ́ fún olè ni?” Ẹ̀yin á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ ó ní, “Fín ẹwìrì rẹ, aláròyé.” Ibẹ̀ ló máa ń parí sí. Ẹ ò sọ ìdí rẹ̀, èmi náà ò béèrè bí ẹni tó fẹ́ gbọ́. Mo ń fín iná, mo ń lu irin, apá mi ń ki, gbogbo ọmọbìnrin Ìníṣà ń wò mí. Mo bá gbà pé mo ti mọṣẹ́ tán.

Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀ ní ọsibítù ní Ìkìrun, mo ní màá ṣe nǹkan tí inú yín á dùn sí. Mo pe bíríkìlà. A la fèrèsé ńlá méjì sí ara ògiri, mo sì kun inú rẹ̀ ní funfun. Àgbẹ̀dẹ, Bàbá! Mo kun àgbẹ̀dẹ ní funfun. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo wọkọ̀ wá bá yín, mo na fóònù sí yín lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ wò ó pẹ́. Ẹ fi ìka fẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe kọ́ yín, ẹ wo ibi iná, ẹ wo ibi tí àpò sìmẹ́ǹtì wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wojú mi. Ẹ ní, “Ó mọ́lẹ̀.” Ẹ fọwọ́ kàn mí lórí. Ó tán.

Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fáàrí dé Òkukù. Gbogbo àwọn tó ń ta irin àlòkù fún wa níbẹ̀ ni mo sọ fún pé bàbá mi yin iṣẹ́ mi. Ọjọ́ kẹta ni ẹ lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo dáná. Irin sípíríǹgì mọ́tò tó dáa, èédú tó dáa, apá tó dáa. Mo ń rọ ọkọ́ bí ẹni ń já àgbàdo. Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Ìgbayè, oníbàárà yín àtijọ́, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ọkọ́ tó là sí méjì lọ́wọ́ wọn.

“Ìwọ ọmọ yìí, kí lo rọ fún mi, ọkọ́ àbí bísíkíìtì?”

Mo ní, “Bàbá, ilẹ̀ yín ló le.”

“Ilẹ̀ tí mo ti ń fi ọkọ́ bàbá rẹ ro kí wọ́n tó bí ọ, òun ló wá le lónìí?” Wọ́n ju irin náà síwájú mi. “Ẹnu rẹ mú ju ọkọ́ rẹ lọ.”

Àwọn míì dé lẹ́yìn wọn. Àwọn míì ò tiẹ̀ dá tiwọn padà, wọ́n kàn lọ ra ti ilé iṣẹ́ ní ọjà Ìkìrun. Mo dá omi kànga lẹ́bi. Mo dá èédú lẹ́bi. Mo bá àwọn ará Òkukù jà nítorí irin. Nínú mi lọ́hùn-ún, ẹ̀rù ń bà mí. Iná tí bàbá yín dá fún yín ti fẹ́ kú, ọwọ́ mi ló sì fẹ́ kú sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú. Ó ṣú débi pé adìyẹ wọlé. Irin mi wà nínú iná. Bí inú àgbẹ̀dẹ ṣe ṣókùnkùn báyìí ni mo rí i: irin tí mo rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ti funfun, iná ń ta pàrà lára rẹ̀. Oòrùn ló ń fi àwọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún mi. Gbogbo ọkọ́ tí mo rọ láti ìgbà tí mo ti la fèrèsé, mo ti sun wọ́n kú kí n tó tì wọ́n bọ omi; irin tó bá sì ti gbóná jù, fífọ́ ló ń fọ́.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ẹ̀mú gbé irin, tí ẹ ó yíjú sí kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn jù, tí ẹ ó máa wò ó bí ẹni ń wojú ọmọ tuntun. Mo rò pé ẹ ń gbàdúrà ni. Mo máa ń sín yín jẹ.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Bàbá? Ṣé ẹ rí ayọ̀ ojú mi ni, ẹ ò fẹ́ bà á jẹ́? Àbí ó ti rẹ̀ yín? Àbí ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá sọ ọ́, màá ní mo mọ̀? Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún yín jù láyé yín nìyẹn.

Mo ti dí àwọn fèrèsé náà. N ò pe bíríkìlà, ọwọ́ ara mi ni. Mo fi èédú pa funfun ara ògiri rẹ́. Ẹni yòówù tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ́la, ìdí òkùnkùn yẹn ni màá kọ́kọ́ sọ fún un. Tó bá ní òun mọ̀, màá tún un sọ.

Lẹ́yìn náà mo rọ ọkọ́ kan. Mo gbé e sí kọ̀rọ̀ yín, mo dúró títí ó fi pọ́n bí ẹyìn, kí n tó tì í bọ omi. Mo gbé e lọ sí oko wọn ní Ìgbayè fúnra mi. Bàbá Ìgbayè fi ìka lù ú, wọ́n gbọ́ bó ṣe dún. Wọ́n kọ ebè mẹ́rin níwájú mi. Wọ́n wo ẹnu ọkọ́ náà, wọ́n wò mí.

“Ta ló rọ èyí?”

Ẹ mọ ẹnu mi, Bàbá. Mo ti yà á tán láti sọ pé èmi ni.

Mo ní, “Bàbá mi ni.”

Ọmọ yín tó ṣì rẹwà jù yín lọ,
tí kò tíì mọ̀ ọ́n tán.