Ìlà Tí Wòlíì Ò Sọ

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹta
Ìjì tún jà lónìí. Bàbá Wòlíì wa ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, inú ìwé yìí nìkan ṣá o. Tí Ẹ̀mí bá ti gbé e, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dúró de ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ ìran sílẹ̀ ní ìjọ. Òun náà ń pè mí ní Bárúkù, akọ̀wé Jeremáyà. Inú mi máa ń dùn sí i. Olùṣọ́ ìjọ wa ní kí n kọ́ kíláàsì àwọn obìnrin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀: bí ìjọ àtijọ́ ṣe ń dán àsọtẹ́lẹ̀ wò. Aṣọ ìyàwó mẹ́ta wà lórí máṣíìnì mi. Ìgbà wo ni n ó ka ẹ̀kọ́ náà?

Ìṣẹ́gun, 5
Alágídí, àbúrò mi obìnrin, ti ilé ìwòsàn dé. Ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Dókítà ní kó wá fún iṣẹ́ abẹ ní Ọjọ́ Ajé. Ó ní òun ò lọ. Ó fa ìwé ìran rẹ̀ yọ nínú báàgì, èyí tí mo fọwọ́ ara mi kọ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn: "Abẹ kò ní kan ara rẹ."
Mo gbà á, mo tún un kà.

Ọjọ́rú, 6
Mo rántí. Lọ́jọ́ yẹn, Ìjì ń sáré, bírò mi kọ̀, kò yọ. Kí n tó rí òmíràn, gbólóhùn kan ti kọjá. Mo fi ohun tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo aboyún dí i; òun ni ìlà abẹ yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú mi, bí ẹni lẹ aṣọ tó ya ni. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀ — tèmi ò tiẹ̀ tẹnu jáde.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mi ò tíì sọ.

Ẹtì, 8
Mo ń ka ẹ̀kọ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Pọ́ọ̀lù ní kí wòlíì méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù yẹ̀ ẹ́ wò. Àìsáyà sọ fún Hesekáyà pé yóò kú. Kò tíì jáde ní àgbàlá tí Ọlọ́run fi dá a padà. Bí wòlíì gan-an bá lè padà lọ tún ọ̀rọ̀ sọ, kí ló wá ń ṣe èmi akọ̀wé? Ti Bárúkù ló gún mi jù: ọba sun ìwé, Bárúkù tún un kọ láti ẹnu Jeremáyà, ọ̀rọ̀ púpọ̀ sì tún kún un. Mi ò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí.

Àbámẹ́ta, 9
Mo bá Ìjì nílé, ó ń ṣán koríko. Mo bi í bóyá ó rántí ìran àbúrò mi. Ó ní tí òun bá ti sọ ọ́ tán, ó tán nìyẹn. "Ohun tí o bá kọ, Bárúkù, òun ni mo sọ." Ó rẹ́rìn-ín. Ìtìjú ni mo gbé wálé.

Àìkú, 10
Mi ò kọ́ kíláàsì. Mo lọ jẹ́wọ́ fún Alágídí lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, lójú ọkọ rẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá jẹ́ Ẹ̀mí ló fi sí yín lọ́wọ́ ńkọ́?"
Mo ní rárá. Ó kọ̀. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Ìgbà náà ló sunkún, ó ní kí ọkọ òun palẹ̀ ẹrù ilé ìwòsàn mọ́.

Ajé, 11
Wọ́n ṣe é. Obìnrin ló bí. Àlàáfíà ni ìyá àti ọmọ wà. Ọpẹ́.

Ìṣẹ́gun, 12
Mo jẹ́wọ́ fún Ìjì. Kò bínú — ìbá sàn kó bínú. Ó kàn bi mí pé mélòó ló tún wà.

Ọjọ́bọ̀, 14
Ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ ìran ìjọ mẹ́rìnlá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nínú páálí. Ó ní kí n fi pẹ́ńsù pupa fàlà sí gbogbo èyí tó jẹ́ tèmi. Àwọn ènìyàn ti torí ọ̀rọ̀ inú wọn fẹ́ ọkọ, kó kúrò nílé, fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ṣí ti àkọ́kọ́. Ìkọ̀wé kan náà ni gbogbo rẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kà á, pẹ́ńsù ò tíì kan ìwé. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi mọ́.