Bàbá Mi, Ẹ Má Jó Dé Oríta

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín. Mo kí Màámi, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí ẹ̀yin àbúrò mi. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Inú ìwé ìròyìn ni mo gbé lẹ́tà yìí sí, mo sì mọ̀ pé ẹ ó bínú, torí ẹ kì í fẹ́ kí ará ìta gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ Bàbá Kékeré ni fóònù yín wà. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, á ní ẹ ń sùn. Ó yá, kí gbogbo ayé bá wa kà á.

Òjò ò jẹ́ ká gbádùn níbí. Bó bá ti rọ̀, ọ̀nà tó já sí Okokomaiko á di odò, a ó gbé bàtà lọ́wọ́ lọ síbi iṣẹ́. Láàárọ̀ mò ń kọ́ àwọn ọmọdé níléèwé kan ní Ajangbadi, lọ́sàn-án mo máa ń lọ sí yunifásítì fún ìwádìí mi. Owó oṣù náà kò tó nǹkan, àmọ́ ebi kò pa mí. Àdánìkangbé ló burú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tá a jọ háyà ilé ti lọ ìsinmi, ó ku èmi àti Màmá onílé, arúgbó tó wá láti ìlú tó múlé gbe tiwa. Èmi tí ẹ ń pè ní ògbójú, ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ní ijó ìlú-ìlú ni mo fẹ́ wádìí. Ẹ ní ta ló ń fi ijó jẹun. Mo ti wá rí i pé kò sí ijó tó kàn jẹ́ ijó lásán. Àwọn ará Kétu ń fi gẹ̀lẹ̀dẹ́ tu àwọn ìyá lójú, àwọn ará Ọ̀yọ́ ń fi bàtá yin òrìṣà. Ijó oríta tiwa nìkan ni n kò mọ iṣẹ́ tó ń jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá yàn á wé aṣọ funfun mọ́rí, á ṣíwájú, ìlú á tẹ̀ lé e dé iwájú ààfin, ó parí. Wọ́n ń pè é ní ijó oríta, kì í sì í dé oríta.

Ìgbà náà ni Bàbá Kékeré pè mí. Wọ́n ní ẹ̀yin ni ìdílé yàn lọ́dún yìí, àti pé ẹ ó jó o dé oríta bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń jó o. Inú mi dùn, mo ní ẹsẹ̀ bàbá mi ṣì dá ṣáká.

Mo wá fi fídíò ijó èṣí han Àlàájì kan tó ń ta táyà ní Alaba, torí wọ́n ń jó o nílùú tiwọn náà. Wọ́n ní ká máa dúpẹ́ pé ààfin ni tiwa ń parí sí. Ẹni tí ìlú bá fẹ́ lé ni wọ́n ń yàn. Wọn kì í bá a jà, wọn kì í dá a lẹ́jọ́. Wọ́n á máa yìn ín, wọ́n á jó tẹ̀ lé e dé oríta, gbogbo èèyàn á kẹ́yìn sí i, wọ́n á padà sílé lọ ti ilẹ̀kùn. Ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nìyẹn. Kò nílé, kò nílẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Mo ní ìlú tiwọn nìyẹn, kì í ṣe tiwa. Mo gbé e tọ Màmá onílé lọ. Ìlú Màmá àti ti Àlàájì kì í bára wọn ṣe láti ayé baba ńlá wọn, síbẹ̀ ohun kan náà ni Màmá sọ, títí dórí ilẹ̀kùn títì. Nígbà tí wọ́n rí i pé ojú mi yí padà, ẹnu yà wọ́n.

"Ṣé o ò mọ̀ ni? Bàbá kékeré ẹ tó wá kí ẹ lọ́jọ́sí ti bi mí ní gbogbo ẹ̀ ní pálọ̀ níbí, kó o tó ti iṣẹ́ dé. Mo rò pé ẹ jọ sọ ọ́ ni."

Bàbá mi, Bàbá Kékeré kò sọ ọ́ fún mi. Wọ́n bá mi jẹun, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n yàn yín, ẹ̀yin tí ẹ kò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ta ilẹ̀ ìdílé tó wà létí títì. Bóyá èrò burúkú ló gbà mí lọ́kàn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Màmá àti Àlàájì tún fẹnu kò sí ohun kan: bí ẹni tí wọ́n yàn bá jókòó sílẹ̀ níwájú ààfin, ijó ti parí, kò sẹ́ni tó lè gbé e dìde. Mo mọ̀ yín, ẹ kì í fẹ́ kí wọ́n ní ó ti rẹ̀ yín. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, pé ìlù á dùn, oríkì á wọ̀ yín lára, ẹ ó sì máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín pé orúnkún yín ti kọṣẹ́. Ẹ jókòó, kí n lè ní ilé tí màá máa bọ̀ wá sí.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ kò ní di àlejò nílé baba yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, lágbà lọ́mọdé. Ẹ bá mi kí Bàbá Kékeré dáadáa. Ẹ ní Màmá onílé mi kí wọn, àti pé gbogbo ohun tí wọ́n jọ sọ ni Màmá ṣì rántí.

Èmi ni ọmọ yín,
Àṣàkẹ́